Omi, Iyanrìn àti Oore-Ọ̀fẹ́: Ìtàn Ìwòsàn Àtọ̀runwá ní Etíkun Lekki àti Ajah

Ilẹ̀ tóóró tí ó bẹ̀rẹ̀ láti etí Victoria Island, tí ó sì nà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn gba Ìlàsán, Ìkọtà, Ajah àti Sàńgótẹ̀dó kọjá títí ó fi dé ìlú Lekki fúnra rẹ̀ ní Ìbẹ̀jú, wà láàárín omi méjì, òkun ní gúúsù, ọ̀sà ní àríwá. Iyanrìn, irà àti igi àgbọn ni ó pọ̀ níbẹ̀. Kò ní òkè, kò sì ní àpáta. Àìsí òkè yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn ẹ̀sìn Kristi ní agbègbè náà ju bí àwọn òpìtàn ṣe sábà máa ń kà á sí lọ, nítorí pé ní Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, orí òkè ni àwọn aládùúrà, èyíinì ni àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n gbà pé àdúrà ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú oògùn tàbí kí ó tilẹ̀ rọ́pò rẹ̀ pátápátá, ti máa ń gbààwẹ̀ tí wọ́n sì ń wá ìmúláradá. Níbi tí kò ti sí òkè tí ènìyàn lè gùn, etí òkun ni wọ́n yà sí. Etí òkun ní àǹfààní mìíràn tí òkè náà ní: kò sí ẹni tí ń gba owó ilẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ kò níye lórí ni àdúrà ìwòsàn ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Lekki àti Ajah, bí iye orí ilẹ̀ náà sì ṣe ń gòkè ni àwọn tí ń gbàdúrà ń ṣí kúrò láti ibì kan dé ibòmíràn.

Oore-ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ìjọ ń pe ojú rere tí Ọlọ́run fi hàn sí ẹ̀dá láìjẹ́ pé ẹ̀dá náà ṣiṣẹ́ fún un tàbí pé ó ní ohun tí yóò fi san án. Ìwòsàn àtọ̀runwá sì ni ìmúláradá tí ó ti ọwọ́ Ọlọ́run wá, yálà nípa gbígbé ọwọ́ lé aláìsàn, nípa fífi òróró kùn ún gẹ́gẹ́ bí Lẹ́tà Jákọ́bù ti là á sílẹ̀ fún àwọn àgbà ìjọ, tàbí nípa omi tí a ti gbàdúrà sí. Àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n mú ẹ̀sìn Kristi wọ Èkó àti Abẹ́òkúta ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò sẹ́ pé Jésù wo aláìsàn sàn, ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn ìgbà àwọn àpọ́sítélì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti parí. Oore-ọ̀fẹ́ di ọ̀ràn ẹ̀mí, wọ́n sì fi ara lé dókítà lọ́wọ́. Wọn kò ṣe é ní ojú lásán: àwọn Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895, àwọn Onítẹ̀bọmi sì dá tiwọn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Àwọn tí ń gbé etíkun Lekki ní ìgbà náà kò jẹ nínú àǹfààní yìí, nítorí pé Abẹ́òkúta àti Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ṣoṣo lè gbé dé Èkó.

Kì í ṣe pé ayé kò mọ etíkun náà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ, Palma àti Lekki ni ó sì fi ṣe èbúté òwò tirẹ̀, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gba èbúté méjèèjì náà mọ́ Èkó ní 1863. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òwò ti wọ́ tẹ̀ lé ìjọba lọ sí Èkó, ilẹ̀ náà padà di ti apẹja, aláàgbọn àti ẹ̀fọn. Ibà ni àìsàn tí ó jọba níbẹ̀, ó sì yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé lórí ibà ni àríyànjiyàn ńlá nípa oore-ọ̀fẹ́ àti oògùn yóò ti bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Gómìnà William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà tí ó sì ṣàkóso Èkó láti 1899 sí 1904, gbógun ti ibà pẹ̀lú ohun méjì: ó ń fa omi irà gbẹ, ó sì ń pín kuiníìnì, egbòogi kíkorò tí a ń fi èèpo igi ṣe. Odò àgbẹ́ tí ó là láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Láti ìgbà náà ni kuiníìnì ti di àmì ọ̀làjú ní Èkó, ohun tí dókítà òyìnbó, tíṣà àti àlùfáà jọ ń gbà ní ìmọ̀ràn pẹ̀lú ohùn kan.

Ohun tí ó fọ́ ìrẹ́pọ̀ yìí ni àjàkálẹ̀ àrùn. Ní oṣù kẹsàn-án 1918 ni àrùn ìnfúlúẹ́ńsà, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀ sí lúkúlúkú, bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Èkó, ó sì gba ojú ọ̀nà reluwé àti ojú ọ̀sà wọ inú ilẹ̀ lọ. Ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa, dókítà kò sì rí oògùn tí ó ràn án. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, J. B. Ṣádáre, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà ti St Saviour, kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà; olùkọ́bìnrin kan tí ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì sì kéde pé òun gbọ́ láti ọ̀run pé kí àwọn ènìyàn fi oògùn sílẹ̀ kí wọ́n sì fi omi òjò wẹ̀, pé wọn yóò yè. Omi òjò ni ó ní kí wọ́n lò. Ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tí ó ń bọ̀ láti òkè tààrà láìgba ọwọ́ dókítà tàbí ọwọ́ oníṣègùn kọjá, ni ó di ohun èlò oore-ọ̀fẹ́, kò sì ṣòro láti mọ ìdí tí àwọn tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ fi tẹ́wọ́ gbà á. Àwùjọ àdúrà náà di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ó sì kúrò lábẹ́ Áńgílíkà ní 1922 nítorí pé ó kọ oògùn àti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Nípasẹ̀ ìwé ìròyìn tí ń ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà wá ni wọ́n fi bá ìjọ Faith Tabernacle tan, ìjọ tí ó ń kọ́ni pé ìwòsàn ara wà nínú ìràpadà tí Kristi ṣe gẹ́gẹ́ bí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ṣe wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó so oore-ọ̀fẹ́ mọ́ ara padà: bí ìdáríjì bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹni tí ó bá sì lọ fi owó ra oògùn ti kẹ̀yìn sí ẹ̀bùn.

Ní Èkó fúnra rẹ̀, ìwòsàn ẹnì kan ṣoṣo ni ó bí ìjọ ńlá. Ní oṣù kẹfà 1925, Àbíọ́dún Akinṣọwọ́n, ọmọbìnrin ọ̀dọ́ kan tí ó lọ wo ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọdún àwọn Àgùdà, rí ìran níbẹ̀, ó sì wọ inú ojúran lọ, ìyẹn ipò tí ènìyàn wà láàyè ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ń lọ láyìíká rẹ̀, kò sì jí fún ọjọ́ púpọ̀. Mósè Orímọládé Túnọláṣe, oníwàásù tí ó ti Ìkàrẹ́ wá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì le dáadáa láti kékeré, ni wọ́n pè wá gbàdúrà fún un, ó sì jí. Àwọn tí wọ́n rọ́ wá wo ọmọbìnrin náà di ẹgbẹ́ àdúrà, ẹgbẹ́ àdúrà di Kérúbù àti Séráfù. Ó tọ́ kí a ṣàkíyèsí pé ẹni tí Ọlọ́run lò fún ìwòsàn náà ń tiro títí ó fi kú ní 1933. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò rí ìtakora kankan nínú èyí, nítorí pé lójú wọn oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pàṣẹ fún. Àwọn oníwàásù gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n dé Lekki ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kò ní í fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ìjì tí ó tẹ̀ lé e jà jìnnà sí òkun. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá tí a bí ní 1904, ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì lọ́nà Ìlẹṣà sí Akúrẹ́ ní 1928 nígbà tí ó sọ pé òun gbọ́ ìpè. Ní 1930, ní Òkè-Ooye ní Ìlẹṣà, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi iṣẹ́ àti ọjà sílẹ̀ láti gba àdúrà rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ìkòkò, akèrègbè àti ìgò omi wá kí ó lè gbàdúrà sí i. Omi yẹn ni wọ́n ń pè ní omi ìyè. Nítorí ìfúngunmọ́ ìjọba, àwọn aṣáájú Faith Tabernacle, tí ó ti dara pọ̀ mọ́, ké sí ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣojú mẹ́ta sì dé láti ibẹ̀ ní 1931, lẹ́yìn èyí tí àwọn míṣọ́nnárì tí yóò máa gbé níbí tẹ̀ lé wọn. Ibi tí ọ̀ràn ti dojú rú ni pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí, tí wọ́n ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá lórí pẹpẹ, ń mu kuiníìnì nínú ilé. Àwọn Yorùbá bi wọ́n pé báwo ni èyí ṣe bá ìwàásù wọn mu. Wọ́n dáhùn pé kuiníìnì kì í wo àìsàn, pé ńṣe ni ó ń dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí kò tẹ́ àwọn tí wọ́n ti sin ọmọ nítorí pé wọn kò jẹ́ fún un ní oògùn lọ́rùn. Láti 1939 ni ìjọ Àpọ́sítélì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí pín, apá kan sì gba orúkọ Christ Apostolic Church, tí gbogbo ayé mọ̀ sí C.A.C., ní 1941. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó jẹ́ aṣáájú nínú apá yìí, kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa oògùn sílẹ̀ nígbà tí ó di Olúbàdàn ní 1955. Àwọn kan rí ìyapa yìí gẹ́gẹ́ bí ìjà ipò láàárín dúdú àti funfun, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí kò bá gbà pé ìbéèrè kuiníìnì náà jinlẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì gbé ibi tí ibà ti ń pa ọmọ mẹ́ta nínú ilé kan.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe dé Lekki? Kì í ṣe nípasẹ̀ míṣọ́nnárì, kì í sì í ṣe nípasẹ̀ àlùfáà tí wọ́n rán níṣẹ́. Apẹja ni ó gbé e dé. Àwọn Ìlàjẹ, tí ọkọ̀ wọn ń ti etíkun Oǹdó lọ sí Ajah, Badagry àti Kútọnu bí àsìkò ẹja bá ṣe rí, ti gba Kérúbù àti Séráfù tọwọ́tẹsẹ̀ ṣáájú ọdún 1940, ibi tí wọ́n bá sì pàgọ́ sí ni wọ́n ń kọ́ ilé àdúrà onímàrìwò sí. Nínú wọn ni àwọn tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun ní 1947 ti jáde, ìlú tí gbogbo ènìyàn ti kó ohun ìní wọn pọ̀ sí àpò kan, tí ìgbàgbọ́ wọn nínú oore-ọ̀fẹ́ sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ikú kò ní í tọ́ àwọn wò. Ní ọdún kan náà, ní ìhà kejì etíkun, Samuel Bilewu Joseph Oschoffa, káfíńtà ará Àjàṣẹ́ tí ó wọ igbó lọ wá pákó, jáde wá pẹ̀lú ìròyìn ìpè, ó sì dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1947. Àwọn apẹja Ègùn ni wọ́n gbé ìjọ yìí dé Mákòkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, láti Mákòkó ni ó sì ti gba ojú ọ̀sà àti etí òkun lọ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1970, ẹni tí ó bá ń tọ etí òkun lọ láti Èkó sí ìhà Ajah, ní ilẹ̀ tí àwọn ìdílé bí Olúmẹgbọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdéjọ tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó, ń ṣe onílẹ̀ rẹ̀, yóò rí àsíá funfun, àgbélébùú onígi àti ọgbà àdúrà lábẹ́ igi àgbọn.

Ọgbà àdúrà náà ní orúkọ: ilẹ̀ àánú. Ibi tí a fi màrìwò tàbí okùn yí ká ni, tí a kì í wọ bàtà wọ̀, tí a sì tẹ́ kìkì iyanrìn sí. Ní àwọn ìlú òkè ńṣe ni wọ́n máa ń ra iyanrìn wá tẹ́ ẹ. Ní Lekki, iyanrìn náà ni ilẹ̀. Aláìsàn lè gbé níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, méje tàbí mọ́kànlélógún lórí ẹní, pẹ̀lú ìyá tàbí ọkọ tí ń tọ́jú rẹ̀, tí yóò sì máa ka Sáàmù tí wọ́n yàn fún un ní aago mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méjìlá àti mẹ́ta. Aríran, ìyẹn ẹni tí ẹ̀mí ń gbà lò láti sọ ohun tí ó fa àìsàn, yóò la ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe sílẹ̀, akọ̀wé ìjọ yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé: àbẹ́là iye báyìí, kànìnkànìn tuntun, ọṣẹ, èso, lọ́fínńdà, ààwẹ̀ gbígbẹ títí di ọ̀sán. Bí ó bá kan ìwẹ̀, ìdájí ni. Wòlíì yóò ri àbẹ́là mọ́ iyanrìn níbi tí ìgbì kò lè dé, yóò gbàdúrà sí omi inú garawa, aláìsàn yóò sì dojú kọ òkun láti wẹ̀. Kànìnkànìn àti aṣọ tí ó fi wẹ̀ yóò bá ìgbì lọ, òun yóò sì kúrò níbẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Àwọn alátakò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ìwẹ̀ tí babaláwo ń wẹ̀ fún ènìyàn ní odò, tàbí omi tútù tí àwọn ọlọ́ṣun ń bù fún àgàn. Ìjọra náà hàn gbangba, kò sì sí ìdí láti sẹ́ ẹ. Yorùbá ti mọ omi sí ibi ìwòsàn kí ẹ̀sìn Kristi tó dé, Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sì fún wọn ní Náámánì nínú Jọ́dánì àti afọ́jú ní adágún Sílóámù. Ohun tí ó yàtọ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè sórí omi, àti pé a kò gbọ́dọ̀ díye lé àdúrà. Àbẹ́là àti èso kò ṣàìná owó, ìyẹn sì ni ibi tí àwọn wòlíì mìíràn ti rí ọ̀nà jẹun.

Wòlíì ajẹun yìí kò fara pamọ́ fún àwọn òǹkọ̀wé. Wole Ṣóyínká gbé eré rẹ̀, The Trials of Brother Jero, jáde ní 1960, etíkun Èkó, níbi tí oníwàásù kọ̀ọ̀kan ti ń du ààyè tirẹ̀ lórí iyanrìn, ni ó sì fi ṣe ibi ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ inú eré náà dùn, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé máa wo gbogbo aláṣọ funfun etí òkun bí ẹlẹ́tàn. Aláìmoore ni irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ènìyàn lè kú ní Badore, nítòsí Ajah, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé ilé ìwòsàn gbogboogbò ní Èkó, ilẹ̀ àánú ni ibi tí wọ́n ti ń fún wèrè ní oúnjẹ, tí aláboyún ti ń rí ẹni bá a sùn, tí ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ sì ń rí orúkọ tí wọ́n ń pè é. Bí ìwòsàn bá ju kí ibà lọ sílẹ̀ lọ, nǹkan púpọ̀ ni wọ́n wò sàn.

Títì ni ó yí ohun gbogbo padà. Nígbà ìjọba Lateef Jákàńdè, láti 1979 sí 1983, ni títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ la ilẹ̀ náà já, ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tí ó bá lè pa ẹ̀fọn sì di ohun tí àwọn olówó ń fi ìwé rà. Àwọn tálákà kọ́kọ́ rí i ní Màrókò. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun Raji Ràsákì wó àdúgbò náà, ó sì sọ nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, ìyẹn 300,000, di aláìnílé; ilé ẹ̀kọ́, mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì bá ilé àwọn ènìyàn lọ. Wọ́n kó àwọn díẹ̀ lọ sí ilé ìjọba ní Ìlàsán àti Ìkọtà, ọ̀pọ̀ sì tọ etí omi lọ sí ìhà Ajah. Ilé àdúrà ni ó rọrùn jù láti tún gbé dìde: àsíá, màrìwò, agogo àti iyanrìn tí ó wà nílẹ̀. Àwọn ìjọ kéékèèké tí ó wà ní inú àdúgbò láàárín Lángbàsà àti Òkun Ajah pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún yẹn, ó sì yẹ kí òpìtàn ka lílé àwọn ará Màrókò mọ́ àwọn ohun tí ó tan ìwòsàn àdúrà ká agbègbè náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ka ìsọjí 1930.

Lórí ilẹ̀ tí wọ́n lé àwọn tálákà kúrò ni irú ìjọ mìíràn ti dìde. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìnnà sí aládùúrà: Josiah Akíndayọ̀mí, tí ó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tà ní 1952, wòlíì Kérúbù àti Séráfù ni tẹ́lẹ̀, a sì mọ̀ ọ́n mọ́ kíkọ oògùn. Lábẹ́ Enoch Adébóyè, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì tí ó gba ipò rẹ̀ ní 1981, ìjọ náà ṣí ẹ̀ka tí ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé mu, níbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń wọ kóòtù, irú ẹ̀ka wọ̀nyí sì ni ó bá àwọn ará báńkì àti ilé iṣẹ́ epo dé Lekki. House on the Rock, tí Paul Adéfaràsin bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ṣí gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, Rock Cathedral, ní Lekki ní 2013. The Elevation Church ti bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Nínú àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyí, oore-ọ̀fẹ́ padà di àkòrí ìwàásù, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìtẹnumọ́ tí ó yàtọ̀, èyí tí ó wá láti inú ìwé àwọn oníwàásù Amẹ́ríkà bíi Kenneth Hagin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń kà láti àwọn ọdún 1970: pé ìwòsàn ti jẹ́ ti onígbàgbọ́ láti ìgbà tí Kristi ti jìyà, pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbà á kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀. Kò sí kànìnkànìn, kò sí àbẹ́là. Òróró wà, ọ̀rọ̀ ẹnu sì wà ju òróró lọ. Ẹ̀kọ́ yìí gbé ènìyàn ró, ṣùgbọ́n ó ní ẹrù tirẹ̀: ní ilẹ̀ àánú, bí aláìsàn kò bá sàn, wọ́n lè sọ pé àsìkò kò tíì tó, ní gbọ̀ngàn, ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wò pé kò pé. Orímọládé tí ń tiro kò ní í rọrùn láti ṣàlàyé lórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn oògùn ní tirẹ̀ ti yí padà láìsí ìpàdé ìgbìmọ̀ kankan. Dókítà wà lára àwọn olùṣọ́-àgùntàn Lekki. Tony Rapu, olùdásílẹ̀ This Present House, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kí ó tó di oníwàásù, iṣẹ́ tí a sì mọ̀ ọ́n mọ́ jù láàárín ìlú ni ti títọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti sọ dìdàkudà ní abẹ́ afárá àti ní àdúgbò ahẹrẹpẹ, èyí tí ó gba ibùsùn, oúnjẹ, dókítà àti àdúrà papọ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ilé ìjọsìn pa láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹjọ, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1918 kò tún ṣẹlẹ̀: kò sí ẹgbẹ́ tí ó jáde láti pe oògùn ní ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ìjọ ńlá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, àwọn onígbàgbọ́ sì ń gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn kí wòlíì lè gbàdúrà láti ọ̀nà jíjìn. Ibùdó ìyàsọ́tọ̀ kan fún àwọn tí àrùn náà mú wà ní Landmark, ní etí òkun tí ó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti wó Màrókò.

Etí òkun náà kò sì dúró sójú kan. Ibi tí àwọn aládùúrà ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀, ìyẹn Bar Beach, ti wà lábẹ́ ìlú tuntun Eko Atlantic. Àwọn etíkun tí ó kù ní ìhà Lekki, bí Oníru àti Ẹlẹ́gùṣì, ti di ibi ìgbafẹ́ tí a ń sanwó kí a tó wọ̀. Títì etíkun láti Èkó sí Calabar, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tún ti gba inú ohun tí ó kù kọjá, ó ń kọjú sí Ìbẹ̀jú, níbi tí ilẹ̀ ti ń wọ́n nítorí èbúté òkun àti ilé ìfọpo Dangote. Ìṣọ́-òru etí omi ṣì ń wáyé, ṣùgbọ́n ó ti jìnnà sí ìlú, àwọn tí ń lọ sì ní láti wọ ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà kí wọ́n tó dé ibi tí bàbá wọn ń fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Ibi tí ìwòsàn aládùúrà ti dúró jù lọ ní agbègbè Ajah lónìí ni ilé àgbẹ̀bí, yàrá méjì tàbí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn obìnrin tí ìjọ kọ́ ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ti ń gba ọmọ pẹ̀lú àdúrà àti omi. Òfin àtijọ́ C.A.C. kò fàyè gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Lóde òní ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń dá àwọn agbẹ̀bí tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì lẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń fi orúkọ wọn sílẹ̀, àwọn ti inú ìjọ náà sì wà lára wọn; nítorí náà, ìyá àgbẹ̀bí yóò kọ́kọ́ wọn ìfúnpá aláboyún, yóò kọ iye rẹ̀ sínú káàdì, lẹ́yìn náà ni yóò bu omi àdúrà fún un mu. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ru kọjá ààlà, ó ní láti kọ ìwé lé e lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn gbogboogbò, bí irú èyí tí ó wà ní Àkódò. Àwọn kan nínú àwọn àgbà ìjọ ń ráhùn pé ẹ̀rọ ìfúnpá ti gba ipò aríran. Àwọn aláboyún kò bá wọn dá sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní káàdì ilé ìwòsàn àti káàdì ilé àgbẹ̀bí papọ̀, èyí tí wọ́n bá sì rí owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń rọbí ni wọ́n ń lọ.